Ajá Tí Kò Gbọ́ Fèrè: Kí Ni Ọdẹ Fi Sínú Fèrè Náà?

Ẹ̀yin ọmọ káàárọ̀-oòjíire tí ẹ ń gbé Jos, Bukuru àti agbègbè wọn, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí lè pa àwọn kan lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó níbi tí a ti ń parí ìjà láàrin àwọn ará wa àti aládùúgbò wọn mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ ajá ni. Ajá tí a ń sìn kó lè ṣọ́ ilé, tó wá já síta, tí olówó rẹ̀ ń pè é "wá, wá, wá" títí ohùn fi há, tí kò sì bojú wẹ̀yìn.

Ìjà ilẹ̀ máa ń ní ìwé, ìjà gbèsè máa ń ní ẹlẹ́rìí. Ìjà ajá kì í ní ju adìẹ tó kú sílẹ̀ àti ọmọ tó ń sunkún lọ. Ọ̀kan wà tí a bá wọn dá sí. Ajá ẹnìkan lára wa wọ ọgbà aládùúgbò, ó pa tòlótòló méjì. Olówó ajá dúró lẹ́nu géètì, ó ń pariwo orúkọ ajá náà. Ajá ń gbọ́ o, ó kàn ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ ni. Owó tòlótòló kò le láti san, wọ́n san án lọ́jọ́ náà. Èyí tó le ni ọ̀rọ̀ tí onílé sọ: "Ẹ pe ohun tí ẹ ń bọ́ lójú wa, kò dá yín lóhùn. Ṣé àwa ni yóò wá dá lóhùn bó bá kan àwọn ọmọ wa?" Àwa tí a ń gbé láàrin ẹlòmíràn kò lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Òwe yìí ni gbogbo wa fi ń dá ajá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ó sọ fún wa pé ọdẹ ní fèrè. Ó sọ fún wa pé ajá tí kò ní sọnù máa ń gbọ́ fèrè náà. A jẹ́ pé àwọn baba wa mọ bí a ti í kọ́ ajá, tó fi jẹ́ pé nínú igbó, láìsí okùn lọ́rùn, fèrè lásán á fà á padà. Nínú àlọ́ ọdẹ àti ajá rẹ̀ mẹ́ta tí a gbọ́ nígbà èwe, orí igi ni ọdẹ wà, wọ́n sì ń gé igi náà lọ́wọ́ nísàlẹ̀. Ohùn ẹnu rẹ̀ nìkan ló kù ú kù. Ó pe àwọn ajá náà lórúkọ, wọ́n sì dé. Kí ni ọdẹ fi sínú ìpè rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fi sínú tiwa? Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn lónìí nìyẹn.

IRÚ AJÁ TÍ A Ń SÌN

Ajá tó pọ̀ jù lọ ní àgbàlá wa ni ajá ìbílẹ̀, èyí tí àwọn ọmọdé ń pè ní Bingo. Irun rẹ̀ kúrú, ara rẹ̀ gbẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá. Àwọn tó rí ṣe ń ra Alsatian. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin àwọn méjèèjì ju ti ìrísí lọ. Ní 1899 ni Max von Stephanitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì dá ẹgbẹ́ tó ń bójú tó ìran Alsatian sílẹ̀. Ajá tó máa ń wo ojú ẹni tó ń darí rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣà, òun ni wọ́n ń mú bímọ. Kò sẹ́ni tó ṣa ajá tiwa bẹ́ẹ̀. Láti ayébáyé, ajá ìbílẹ̀ tó bá dúró de àṣẹ ènìyàn kó tó wá oúnjẹ, ebi ni yóò lù ú pa. Èyí tó fi imú ara rẹ̀ wá jíjẹ lórí ààtàn, tó fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ yẹra fún ewu, òun ló bímọ tó pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ajá wa fi máa ń ro ọ̀rọ̀ wò kó tó dáhùn: bí mo bá lọ, kí ni mo máa rí? Bí n kò bá lọ ńkọ́?

Ìbátan rẹ̀ kan wà tí àwọn òyìnbó ti sọ di olókìkí. Basenji ni wọ́n ń pè é, ajá ọdẹ láti inú igbó Kóńgò. Kì í gbó bíi ti ajá yòókù, ohùn kan tó dà bí orin ló máa ń mú jáde, nítorí náà àwọn ọdẹ ibẹ̀ máa ń so agogo igi mọ́ ọn lọ́rùn kí wọ́n lè mọ ibi tó wà. Ní 1937, wọ́n gbé e dé ibi ìpàtẹ ajá tí wọ́n ń pè ní Crufts ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn èèyàn sì rọ́ lọ wò ó. Ní 1994, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Stanley Coren gbé ìwé jáde, ó béèrè lọ́wọ́ àwọn adájọ́ ìdíje ìgbọràn ajá, ó sì to àwọn ìran ajá sí ipò 79. Ipò 78 ni Basenji wà. Àwọn ajá tó wà nísàlẹ̀ pátápátá yìí, bí a bá pàṣẹ fún wọn lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ká dúpẹ́ bí wọ́n bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan ní ìpè àkọ́kọ́.

Àwọn kan ka ìyẹn tán, wọ́n ní ajá òmùgọ̀ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbọràn ni wọ́n wọ̀n níbẹ̀, kì í ṣe ọgbọ́n. Ajá tó mọ ọjọ́ tí alápatà ń pa ẹran, tó mọ ilé tí wọn kì í ti géètì, tó sì mọ ọmọ tí oúnjẹ máa ń jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé òmùgọ̀ nìyẹn? Ọgbọ́n rẹ̀ pé. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni kì í ṣe.

OHUN TÓ Ń BA ÌPÈ JẸ́

Ẹ jẹ́ ká wo bí a ti máa ń ṣe é nílé púpọ̀. Ajá jáde láàárọ̀. Baálé ilé pè é, pè é, kò dá a lóhùn. Nígbà tó di ọ̀sán, ajá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, ó ń ju ìrù. Baálé ilé mú pàṣán, ó nà án bí ẹni na olè. Ó rò pé òun ń nà án nítorí pé ó jáde. Ṣùgbọ́n ajá kò lè so pàṣán ọ̀sán mọ́ ìjáde àárọ̀. Ohun tó ṣe kẹ́yìn kí pàṣán tó balẹ̀ ni pé ó wá sọ́dọ̀ baálé ilé, ẹ̀kọ́ tó sì kọ́ nìyẹn: ẹni tó bá sún mọ́ ọkùnrin yìí, ìyà ni yóò jẹ. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n bá pè é, ó ti mọ ohun tó wà níwájú. Ẹ má bínú, bí ẹ̀yin bá jẹ́ ajá náà, ṣé ẹ máa lọ?

Ìkejì ni pé ìgbà tí ìgbádùn bá fẹ́ parí nìkan ni a máa ń pe ajá. A ń pè é ká lè dè é mọ́lẹ̀, ká lè wẹ̀ ẹ́, kí dókítà ẹranko lè gún un lábẹ́rẹ́. Ìpè wá di ìròyìn burúkú. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ohun tí ajá kò fẹ́, ẹ má ṣe pè é, ẹ rìn lọ mú un níbi tó wà.

Ìkẹta ni àpètúnpè. Ẹni tó bá pe ajá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ti kọ́ ọ pé mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ kò ṣe pàtàkì. Ọ̀rọ̀ náà á di ariwo lásán, bíi ti ẹ̀rọ amúnáwá ilé kejì tí etí wa kì í gbọ́ mọ́.

Ìkẹrin jẹ́ tiwa gan-an, àwa tí a wà lájò. Bàbá á ní "wá." Mẹ́gáàdì á ní "zo nan." Àwọn ọmọ tó dé láti ilé ìwé á ní "come." Ìyá á súfèé. Èdè mẹ́rin lórí ajá kan! Kì í ṣe pé ajá ya aláìgbọràn, àwa gan-an ni a kò tíì fẹnu kò lórí ohun tí a ń pè é.

BÍ A ṢE Ń KỌ́ Ọ

Ẹ kọ́kọ́ wá ìpè tuntun. Bí ẹ bá ti ń fi orúkọ ajá jágbe mọ́ ọn láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ẹ fi orúkọ náà sílẹ̀, ó ti bàjẹ́. Fèrè tí àwọn rẹfirí ń fọn lórí pápá kò wọ́n lọ́jà. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ohùn kan náà ló ní, ìyá ìbáà fọn ọ́n, kí mẹ́gáàdì fọn ọ́n, kò yàtọ̀. Fèrè kì í sì í bínú. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ajá máa ń gbọ́ ìbínú nínú ohùn wa kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi nǹkan sínú fèrè náà. Ivan Pavlov, ará Rọ́ṣíà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1904, ló fi hàn pé bí ajá bá ti ń gbọ́ ohùn kan kí oúnjẹ tó dé, láìpẹ́ itọ́ á máa yọ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó bá gbọ́ ohùn náà, kódà bí kò tíì rí oúnjẹ. Nínú ilé, níbi tí kò sí ewúrẹ́ tàbí ọmọ tó ń sáré, ẹ fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fi ẹran sí i lẹ́nu lójú ẹsẹ̀. Ẹ má pàṣẹ ohunkóhun. Ẹ ṣe é bíi ìgbà 10 sí 15 lóòjọ́, fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ ṣe é kó tó jẹun, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá yó.

Ẹran wo? Ẹ̀bà àti túwó tó ń jẹ lójoojúmọ́ kò lè borí òórùn òkété nínú igbó. Ẹ wá ohun tí kì í rí níbòmíràn: ẹ̀dọ̀ màálù tí a bọ̀ láìfi iyọ̀ àti ata sí i, tí a gé wẹ́wẹ́ bí ẹ̀wà, tàbí ẹja gbígbẹ tí a yọ egungun rẹ̀. Fèrè nìkan ni kó máa mú un wá. Ẹ má fún un ní ṣúyà, nítorí àlùbọ́sà jẹ́ májèlé fún ajá, bẹ́ẹ̀ náà ni ṣokoléètì. Egungun adìẹ tí a ti sè lè fọ́ sí wẹ́wẹ́, kó sì gún un nínú ìfun.

Bó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ jáde sí àgbàlá. Ẹ dúró dìgbà tó bá jìnnà díẹ̀ sí yín, tí kò sì lé nǹkan kan. Ẹ fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan péré. Bó bá dé, ẹsẹ̀ yín gan-an ni kó ti gba ẹran, kí ẹ sì rọra di okùn ọrùn rẹ̀ mú bó ti ń jẹ ẹ́, nítorí ajá gbọ́n, ó lè wá gba ẹran, kó sì yẹ̀ kí ọwọ́ tó kàn án. Lẹ́yìn náà, ẹ tú u sílẹ̀, kó padà sẹ́nu eré rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí èyí dáadáa, òun ni àṣírí ajá olórí-ara-rẹ̀: nínú ìpè 10, kí ẹ tú u sílẹ̀ ní 9. Òmìnira rẹ̀ ló ń dù. Bó bá mọ̀ pé bí òun bá lọ, òun á jẹ ẹran, òun á sì tún padà sí òmìnira òun, kí ló ń bẹ̀rù?

Okùn gígùn ló kàn. Ẹ wá okùn bíi mítà 10 sí 15, irú èyí tí a fi ń fa omi nínú kànga. Ẹ má so ó mọ́ ọrùn, kí ajá má baà fi eré fa ọrùn ara rẹ̀ ya. Bẹ́líìtì tó gba àyà ni kí ẹ so ó mọ́. Ẹ mú un lọ sí pápá tó dákẹ́ ní ìdájí. Ẹ jẹ́ kí okùn máa wọ́ nílẹ̀, kí ẹ sì fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá wá, ẹ má tún fọn, ẹ má sì já okùn gbà. Ẹ fi ẹ̀yìn rìn, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ pàtẹ́wọ́, tàbí kí ẹ sáré lọ sí òdìkejì. Ajá tí ènìyàn ń lé máa ń sá ni, èyí tí ènìyàn ń sá fún máa ń tẹ̀ lé e. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ di okùn mú, ẹ rọra tẹ̀ lé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì mú un kúrò níbẹ̀ láìbú u. Ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé ibẹ̀ ti le jù fún un. Lọ́la, ẹ padà sí ibi tó rọrùn.

Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ kọ́kọ́ pè é nígbà tí ewúrẹ́ wà lọ́nà jíjìn. Bó bá dáhùn ní ìgbà 9 nínú 10, ẹ sún mọ́ ewúrẹ́ díẹ̀ sí i. Ajá mìíràn ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ààtàn ni kó kẹ́yìn, nítorí ibẹ̀ le fún ajá bí ilé ọtí ṣe le fún àwọn kan. Iṣẹ́ oṣù mélòó kan ni, kì í ṣe ti ọjọ́ mélòó kan.

Nígbà tó bá ti mọ̀ ọ́n tán, ẹ lè máa yí owó iṣẹ́ rẹ̀ padà. Lónìí ẹran kékeré, lọ́la ìyìn lásán, lọ́túnla kó bá ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀dọ̀ pàdé láìròtẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dá a dúró pátápátá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ìjọba mọ bí ọwọ́ òṣìṣẹ́ ṣe máa ń rí nígbà tí owó oṣù kò bá jáde. Ajá kò ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ìyanṣẹ́lódì tirẹ̀ ni pé kó má wá.

Ẹ tún mọ̀ pé ọmọ ajá kékeré máa ń tẹ̀ lé ènìyàn fúnra rẹ̀, ìyẹn sì ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Bó bá ti ń sún mọ́ oṣù mẹ́fà, títí dé ọdún kan àti ààbọ̀, ojú á là, etí á sì di. Kì í ṣe ìkà, bí ọ̀dọ́ ṣe ń dàgbà ni. Ẹ padà sí ìdí okùn gígùn, kí ẹ sì ní sùúrù.

IBI TÍ AGBÁRA FÈRÈ MỌ

A kò ní tan yín. Àwọn tó ti sin Basenji pẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ṣì ń kìlọ̀ fún ara wọn pé kí wọ́n má tú u sílẹ̀ níbi tí kò sí ọgbà. Bí ọ̀yà bá fò dìde níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ á lọ, etí rẹ̀ náà á sì lọ. Nítorí náà, létí títì tí mọ́tò àti ọ̀kadà ń gbà, okùn ni, kì í ṣe fèrè. Ògiri ọgbà ni ààbò àkọ́kọ́, fèrè ni ìkejì, fún ọjọ́ tí ẹnìkan bá gbàgbé géètì sílẹ̀.

Ọjọ́ yẹn yóò dé ṣá, àwọn ohun tó sì ń dúró de ajá lóde kò kéré. Mọ́tò wà. Ìkòkò ọbẹ̀ náà wà. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ìyẹn bú àwọn ará ibí o, nítorí ní Oǹdó tiwa, wọ́n mọ adùn ẹran ajá, Ògún pàápàá kì í kọ̀ ọ́. Àwọn aládùúgbò wa Mùsùlùmí wà tí wọ́n ti ṣe àlùwàlá tán, tí wọn kò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ wọn. Ẹ̀tọ́ wọn ni.

Èyí tó burú jù ni dìgbòlugi. Àjọ ìlera àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dọọdún lágbàáyé, ajá ló sì ń kó o ran ènìyàn nínú èyí tó pọ̀ jù lọ. Bí àmì rẹ̀ bá ti fara hàn lára ènìyàn, ikú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Ajá tó ń ṣáko ló ń pàdé ajá tó ní i. Àwa tí a wà ní Plateau kò sì ní àwáwí, nítorí ní Vom níbí ni ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ wà láti 1924, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣe àjẹsára ajá. Kí ọmọ ajá gba abẹ́rẹ́ bó bá pé oṣù mẹ́ta, kó sì tún máa gbà á lọ́dọọdún. Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé ẹni náà lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi ata tàbí epo sí i.

Ẹ̀yin ará wa, a máa ń sọ pé ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn á pa ọ̀bọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nílùú tí a kì í ti í ṣe onílẹ̀, ajá tó mọ̀ pé ẹni tó wà lẹ́yìn òun lè pe òun padà ló ṣe wá láǹfààní. Kò sí aládùúgbò tí yóò bínú sí ilé tí wọ́n ti fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, tí ajá sì yí padà kó tó kan adìẹ ẹni. Irú ilé bẹ́ẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ bìkítà nípa àwọn tó yí wọn ká.

Ẹni tó bá ní ajá, kó ra fèrè lọ́sẹ̀ yìí, kó sì pe gbogbo ará ilé jọ, títí kan mẹ́gáàdì, kí wọ́n fẹnu kò sí ìpè kan ṣoṣo. Kó so pàṣán rọ̀. Ọdẹ ayé àtijọ́ kì í jẹ ẹran ìgbẹ́ tán kó tó rántí ajá, ó máa ń yọ ti ajá sọ́tọ̀. Ohun tó wà nínú fèrè rẹ̀ nìyẹn. Olódùmarè kò ní jẹ́ kí ajá wa dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwa àti àwọn tó gbà wá lálejò. Ire o.